Bí A Ṣe Ń Dá Sẹ́tínǹgì Jellyfin Padà sí Ìbẹ̀rẹ̀, Kí Àkójọ Fíìmù Má Sọnù

Bí Jellyfin tó ń gbé fíìmù inú kọ̀ǹpútà yín lọ sórí tẹlifíṣọ̀n bá ń ṣe ségesège, ẹ má kánjú yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó lè jẹ́ fáìlì kan péré ló ń dà á láàmú.

Lórí Ubuntu àti Debian, ibi mẹ́ta ni nǹkan wà. Fíìmù wà nínú dísíìkì tí ẹ kó wọn sí. Sẹ́tínǹgì wà ní /etc/jellyfin. Àkọsílẹ̀ ilé wà ní /var/lib/jellyfin: orúkọ àwọn tó ń lò ó, ohun tí kálukú ti wò àti ibi tó wò ó dé. Èyí ló yẹ kí ẹ ṣọ́ jù, torí fíìmù lè wà síbẹ̀ kí ìyá àgbà má mọ ibi tó bá eré rẹ̀ dé mọ́.

1. Ẹ dá sẹ́fà Jellyfin dúró:
sudo systemctl stop jellyfin
Ẹ̀dà tí a ṣe nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lè má pé.

2. Ẹ ki dísíìkì mìíràn bọ inú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà síbẹ̀:
sudo tar -czf /mnt/ipamo/jellyfin.tar.gz /etc/jellyfin /var/lib/jellyfin
Ẹ fi ibi tí dísíìkì tiyín wà rọ́pò /mnt/ipamo. Ẹ rí i pé iná kò ní lọ lójijì.

3. Ẹ wá fáìlì tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kò bá rí sẹ́fà, ó lè jẹ́ network.xml. Bí fíìmù bá ń há, encoding.xml ni ká kọ́kọ́ fura sí.

4. Ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà, ẹ má pa á rẹ́:
sudo mv /etc/jellyfin/encoding.xml /etc/jellyfin/encoding.xml.atijo

5. Ẹ wò ó bóyá dísíìkì fíìmù wà níbi tó máa ń wà, lẹ́yìn náà kí ẹ tan sẹ́fà:
sudo systemctl start jellyfin

6. Ẹ ṣí http://localhost:8096. Ẹ fi orúkọ ẹnìkan wọlé, kí ẹ tẹ fíìmù kan tó wò dé ìdajì. Bó bá bẹ̀rẹ̀ níbi tí onítọ̀hún dúró sí, àkọsílẹ̀ pé. Bí wàhálà bá ṣì wà, ẹ dá sẹ́fà dúró, kí ẹ dá orúkọ fáìlì padà.

Bó bá jẹ́ system.xml lẹ yí orúkọ rẹ̀, Jellyfin yóò tún bi yín ní ìbéèrè bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ má fòyà. Ẹ dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ má tún fi fódà fíìmù kún un, torí èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣì wà.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ yàgò fún apt purge. Ó lè pa sẹ́tínǹgì àti àkọsílẹ̀ rẹ́ pọ̀. Bó bá di dandan kí ẹ yọ ọ́, apt remove ni kí ẹ lò, kò ní fọwọ́ kan wọn. Ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà yẹn títí gbogbo ará ilé yóò fi wo ohun tiwọn láìsí àròyé.