Wàràkàṣì àti Èso: Ìpanu fún Ilé àti fún Ọjà

Nígbà tí ọsàn bá pọ̀ jù lórí igi ni owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀ jù, wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá sí abúlé wa kì í sì í pẹ́ kí ó tó kan. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó ṣòfò, a ó rí ìpanu fífúyẹ́ tí ń ṣe ọmọdé lóore, tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sì lè tà.

Ẹ má ṣe fi wàrà tí a kò sè ṣe é rárá. Màlúù tí ara rẹ̀ dàbí ẹni pé ó le lè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, kí àrùn náà sì ti inú wàrà ran ènìyàn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ lítà 4 wàrà, ẹ gbé e ka iná, kí ẹ sì máa rò ó kí ìdí rẹ̀ má baà jó. Nígbà tí ó bá hó, ẹ dín iná kù, kí ẹ máa da omi ọsàn wẹ́wẹ́ bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà sí i díẹ̀díẹ̀. Yóò dì, omi rẹ̀ yóò sì yà sọ́tọ̀. Bí omi náà bá ṣì funfun bí omi ẹ̀kọ, ọsàn kò tíì tó nìyẹn. Àwọn tí ń lo ewé bomubómu lè máa lò ó lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra kí oje rẹ̀ má kán sí ojú, kí wọ́n sì jẹ́ kí wàrà náà hó dáadáa lẹ́yìn tí ó bá dì. Ẹ di wàràkàṣì náà sínú aṣọ, ẹ gbé ohun wíwúwo lé e fún wákàtí kan, kí ẹ tó gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

Ọsàn bíbó, máńgòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ bá a mu. Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ̀ òyìnbó yàtọ̀. Èmi pàápàá ti ṣìnà níbẹ̀ rí: mo po ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù mọ́ wàràkàṣì ní alẹ́, mo sì gbé e lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá àgbà kan tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù, ó sì bi mí bóyá èmi fúnra mi ti jẹ nínú rẹ̀. Ó ti korò, ó sì ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Ohun tí ń ta wá ní ahọ́n nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù a máa tú wàràkàṣì náà. Irú rẹ̀ wà nínú oje ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n. Iná ni í pa á. Nítorí náà, ẹ se ọ̀pẹ̀ òyìnbó gígé fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó tutù, tàbí kí ẹ fi sí ọ̀tọ̀ títí di ìgbà tí a ó jẹ ẹ́.

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ tà á, ẹ pọ́n wàràkàṣì sínú ewé eéran tiẹ̀, kí èso wà nínú tirẹ̀, kí olùrà fúnra rẹ̀ pa wọ́n pọ̀. Ẹ tà á tán ní ọjọ́ tí ẹ ṣe é. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù ní ìrọ̀lẹ́, ẹ tún un sè kí ẹ fi sínú ọbẹ̀ ilé. Ẹ má ṣe gbé e padà lọ sí ọjà. Omi wàrà náà dára fún ẹlẹ́dẹ̀.