Òpó iná tí kò tàn lè di owó: Bí wọ́n ṣe ń fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ iná gba tókìnì

Òpó iná sólà kan lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní GRA Ìlọrin, kó ti tó ọdún méjì tó ti tàn kẹ́yìn, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá sì máa wò ó bí ẹni wo igi gbígbẹ. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, òpó náà kò wúlò fún nǹkan kan mọ́. Àmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́tò òpó ọ̀hún, ibi tó wà, ọjọ́ tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ àti orúkọ ẹni tó gba iṣẹ́ náà lè di ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Owó tí wọ́n ń san kì í ṣe náírà. Tókìnì ni, ìyẹn owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ọmọ ìyá Bitcoin.

Iṣẹ́ gidi ni fún ọ̀dọ́ tó ní fóònù tó sì lẹ́sẹ̀ rírìn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ìṣirò rẹ̀ lè ná ju ohun tó pa lọ.

Ìdí tí iṣẹ́ náà fi wà

Ní ọdún 2011, ìgbìmọ̀ kan tí Ààrẹ Goodluck Jonathan gbé kalẹ̀, tí Ibrahim Bunu jẹ́ alága rẹ̀, ka àwọn iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n pa tì káàkiri Nàìjíríà. Iye tí wọ́n rí jẹ́ 11,886, owó tí wọ́n sì ní yóò parí wọn lé ní trílíọ̀nù méje náírà.

Ní ti iná, àpẹẹrẹ kan kò jìnnà. Dáàmù odò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní ọdún 1983, ní ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè mú mẹgawáàtì mẹ́ta wá. Ó lé ní ogún ọdún tí àwọn ẹ̀rọ náà fi wà níbẹ̀ láìṣiṣẹ́. Dáàmù Jẹ́bà tó wà lọ́nà Mọ́kwà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1985, ń mú iná wá ní tirẹ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé iṣẹ́ tuntun tó kẹ́sẹ járí yẹ fún àkọsílẹ̀ bíi ti èyí tí wọ́n pa tì, torí ibẹ̀ ni aráàlú ti lè mọ ohun tó mú kí ọ̀kan ṣeé ṣe tí èkejì kò ṣeé ṣe.

Kí ni blockchain?

Ìwé àkọsílẹ̀ ni, bíi ìwé tí alájọ máa ń mú dání. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé alájọ jẹ́ ẹyọ kan, ọwọ́ rẹ̀ ló sì wà. Tó bá fa ojú ewé kan ya, ọ̀rọ̀ parí. Ní ti blockchain, ẹ̀dà ìwé kan náà wà lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Ẹni tó bá yí tiẹ̀ padà, èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn yòókù yóò tú u fó.

Fọ́tò fúnra rẹ̀ kì í sábà wọ inú ìwé yìí, òǹtẹ̀ rẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà yóò ṣírò fọ́tò náà di nọ́ńbà àti lẹ́tà gígùn kan. Bí ẹnikẹ́ni bá tún nǹkan kékeré ṣe lára fọ́tò náà lẹ́yìn náà, òǹtẹ̀ rẹ̀ kò ní bá ti tẹ́lẹ̀ mu mọ́. OpenTimestamps, tí Peter Todd gbé jáde ní ọdún 2016, máa ń fi irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ sórí blockchain Bitcoin lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun kan tó yẹ kéèyàn fi sọ́kàn ni pé òǹtẹ̀ yìí ń fi hàn pé fọ́tò náà ti wà ní ọjọ́ báyìí ni. Kò sọ pé òótọ́ ni. Ẹni tó bá ya òpó iná Ọ̀fà tó sì pè é ní ti GRA, blockchain yóò bá a tọ́jú irọ́ náà pa mọ́ láìyingin. Èèyàn ló ń rí sí òótọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ibi tí owó ti ń wá

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti àwọn tó ń sanwó fún àpilẹ̀kọ. Steem, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, ló ṣí ọ̀nà yìí. Ọdún 2020 ni Hive yapa kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn òǹkàwé yóò dìbò fún un láàárín ọjọ́ méje, ìbò náà yóò sì di tókìnì. Ìbò kò dọ́gba o: ìbò ẹni tó ní tókìnì púpọ̀ ló wúwo jù. Àpilẹ̀kọ dáadáa tí àwọn ọlọ́wọ́ ibẹ̀ kò rí lè má mú nǹkan kan wá.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tó ń sanwó fún iná tó ti jáde. SolarCoin, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, ṣèlérí ẹyọ kan fún gbogbo yúníìtì 1,000 tí panẹ́ẹ̀lì sólà bá mú wá, tí onílé bá ti lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Ilé kan ní GRA tó ń rí yúníìtì mẹ́wàá lójúmọ́ yóò lo ọgọ́rùn-ún ọjọ́ kó tó gba ẹyọ kan ṣoṣo. Iye ẹyọ náà kò sì tó nǹkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 tí iye owó yúníìtì kan fún àwọn oníbàárà Band A di 225 náírà, yúníìtì 1,000 yẹn ì bá ná onílé ní 225,000 náírà. Iná tó tàn nínú ilé lèrè, ẹ̀ẹ́nì lásán ni tókìnì.

Ìṣirò tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ ṣe

Ká ní ọ̀dọ́ kan ṣe àkọsílẹ̀ mẹ́rin lóṣù, tó sì gba tókìnì 200, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 150 náírà. Owó tó wọlé jẹ́ 30,000 náírà. Tí owó ọkọ̀ bá jẹ́ 8,000, tí dátà sì jẹ́ 6,000, èrè rẹ̀ jẹ́ 16,000. Àmọ́ tí iye tókìnì bá já sí ìdajì kó tó tà á, 15,000 ni yóò wọlé, ẹgbẹ̀rún kan náírà péré ni yóò sì kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún iṣẹ́ oṣù kan.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ẹyọ Steem kan lé ní dọ́là méje. Kí ọdún náà tó parí, kò tó dọ́là kan mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ tètè yọ iye tó ná kúrò, kó tó ronú àtifi ìyókù pa mọ́. Owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.

Bí àkọsílẹ̀ tó dáa ṣe máa ń rí

1. Kí ó sọ ibi tí iṣẹ́ náà wà gan-an, títí dé orúkọ títì àti nọ́ńbà tí máàpù fóònù gbé jáde.

2. Kí fọ́tò wà láti ọ̀nà mẹ́ta, pẹ̀lú ti pátákó iṣẹ́ náà, tí orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba àti ti agbaṣẹ́ṣe bá wà lára rẹ̀.

3. Kí òǹkọ̀wé padà síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kó ya fọ́tò mìíràn láti ojú ibi kan náà. Fọ́tò ẹ̀ẹ̀kan kò fi hàn pé wọ́n pa iṣẹ́ tì. Ó lè jẹ́ pé ìsinmi ni wọ́n wà.

4. Kí ó béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tọ́rọ̀ kàn. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dá ẹni tó bá kọ̀wé béèrè lóhùn.

5. Kí ó má pe ẹnikẹ́ni lólè. “Kò tàn ní ọjọ́ tí wọ́n yà á” jẹ́ òótọ́ tí fọ́tò lè gbè lẹ́sẹ̀. “Wọ́n ti kówó rẹ̀ jẹ” lè gbéni dé kóòtù.

6. Ibi tí ìjọba bá ti ní kí wọ́n má ya fọ́tò, bí ibùdó iná ńlá tí ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, kí ó tọrọ àyè, tàbí kó fi í sílẹ̀.

Òfin àti àwọn gbájúẹ̀

Ní oṣù kejì ọdún 2021, báǹkì àpapọ̀ ní kí àwọn báǹkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò crypto. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n dẹwọ́ rẹ̀. Òfin ìdókòwò ti ọdún 2025 ti wá fi irú ohun ìní bẹ́ẹ̀ sábẹ́ àjọ SEC, òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026 sì ka èrè orí rẹ̀ mọ́ ohun tí èèyàn ń san owó orí lé lórí. Nítorí náà, kí èèyàn ní ìwé tó ń kọ gbogbo ohun tó gbà àti ohun tó tà sí.

Ẹni tó bá ní kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ sanwó ìforúkọsílẹ̀, tàbí kó mú èèyàn méjì wá kó tó gba tókìnì tirẹ̀, kò wá àkọsílẹ̀ iṣẹ́ iná kankan. Ìgbẹ̀yìn MMM ní oṣù kejìlá ọdún 2016 àti ti CBEX ní oṣù kẹrin ọdún 2025 kò tíì jìnnà tó ohun tí èèyàn lè gbàgbé. Bákan náà, ọ̀rọ̀ àṣírí méjìlá tó ń ṣí àpò tókìnì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi han ọ̀rẹ́, áńbọ̀sì ẹni tó ní òun fẹ́ ranni lọ́wọ́.

Ọ̀nà mìíràn tún wà fún àkọsílẹ̀ kan náà. Tracka, tí BudgIT dá sílẹ̀ ní ọdún 2014, máa ń tọpa iṣẹ́ ìjọba ní àdúgbò, kò sì sí ọ̀rọ̀ tókìnì níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe àkọsílẹ̀ tó yè kooro fún tókìnì lè mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ síbẹ̀, tàbí kó fi há aṣòfin àdúgbò rẹ̀ lọ́wọ́. Bí tókìnì bá tilẹ̀ já wálẹ̀ lọ́la, tí òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bá tàn padà, àwọn tó ń kọjá ní GRA lálẹ́ ti jèrè tiwọn.