Kí Ló Ń Mú Àgbò Kan Tóbi Ju Èkejì Lọ?

Àgbò méjì lè jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, kí wọ́n sì jọ máa jẹun, síbẹ̀ kí ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ. Kí ló fà á?

Kókó kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ àgùntàn tó ń tú họ́mọ́ònù ìdàgbàsókè sínú ẹ̀jẹ̀. Họ́mọ́ònù yìí ń rán ẹ̀dọ̀ níṣẹ́, eegun àti ẹran ara yóò sì máa dàgbà. Jíìnì tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ baba àti ìyá ló ń darí rẹ̀, kì í sì í rí bákan náà lára gbogbo àgùntàn.

Bí Iléyá bá dé, àgbò tó tóbi jù là ń tà. Èyí tó rán ló ń kù láti gun abo. Bẹ́ẹ̀ ni agbo ẹran wa yóò máa kéré sí i. Ẹ jẹ́ kí á dá àgbò rere kan sí kí ó bímọ.