Ìgbà tí Kọ̀ǹpútà bá Kọsẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìdí tí àgbà fi ń wẹ̀yìn ni pé ó fẹ́ mọ ohun tí ó gbé òun ṣubú. Ọgbọ́n yìí ni àwọn tí ó ń ṣe èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ní láti fi kọ́ ẹ̀rọ náà.

Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà pín 12 sí ọ̀nà 0, kò sí ìdáhùn tí ó lè fún wa. Irú ìkọsẹ̀ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní exception. Èèṣì ni àwa yóò máa pè é nínú ẹ̀kọ́ yìí. Iṣẹ́ tí ó kọsẹ̀ yóò dúró lójú kan náà, yóò sì gbé ìròyìn èèṣì náà padà fún iṣẹ́ tí ó rán an. Bí ìyẹn kò bá mọ ohun tí yóò ṣe sí i, yóò gbé e fún ẹni tí ó rán òun náà, títí yóò fi kan ẹni tí ó ti múra sílẹ̀ de irú rẹ̀. Bí kò bá sí ẹnìkankan, gbogbo ètò náà yóò dẹnu kọlẹ̀.

Báwo ni ẹni tí ó múra sílẹ̀ yóò ṣe mọ̀ pé tòun ni? Nípa ìdílé ni. Ní èdè Python, tí Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, gbé jáde ní ọdún 1991, orúkọ lásán ni èèṣì ń jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, a fún wọn ní ìdílé. ZeroDivisionError ni èèṣì fífi 0 pín nǹkan. OverflowError ni ti iye tí ó pọ̀ ju àyè rẹ̀ lọ. Ọmọ bàbá kan ni wọ́n: ArithmeticError ni ó bí wọn, Exception ni ó sì bí òun náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òun yóò gba ArithmeticError kò ní láti dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Èdè náà yóò bi èèṣì pé, “Ọmọ ta ni ọ́?” yóò sì tọpa rẹ̀ láti bàbá dé bàbá ńlá. Abínibí ni àwọn ìdílé wọ̀nyí, nítorí àwọn tí ó ṣe Python ni ó kọ wọ́n mọ́ ọn ní èdè C.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àìmúrasílẹ̀ lè fà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, àwọn ará Yúróòpù rán rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 lọ sójú òfuurufú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Kourou ní French Guiana, pẹ̀lú sátẹ́láìtì 4 nínú rẹ̀. Èdè Ada, tí ó mọ èèṣì í gbà, ni a fi kọ ètò tí ó ń sọ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà kọjú sí. Ṣùgbọ́n láti ara Ariane 4 ni wọ́n ti mú ètò náà, eré Ariane 5 sì yàtọ̀ sí tirẹ̀. Iye kan tí ó jẹ mọ́ eré náà ga ju 32,767, tí í ṣe òpin àyè tí a fún un. Iye 7 ni irú èyí lè ṣẹlẹ̀ sí; wọ́n dáàbò bo 4, wọ́n fi 3 sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn 3 náà ni èèṣì bá. Kọ̀ǹpútà méjì ni a fi sẹ́nu iṣẹ́ yìí kí èkejì lè ran èkíní lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ètò kan náà ni ó wà nínú wọn, àwọn méjèèjì sì kọsẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó ń tukọ̀ ka ìròyìn èèṣì bí ẹni pé ìròyìn ìrìnàjò ni. Ó yí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà lójijì, ó sì fọ́ túútúú kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Èyí tí ó dunni jù ni pé iṣẹ́ tí ó kọsẹ̀ náà kò wúlò mọ́ láti ìgbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti gbéra nílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, “kò lè ṣẹlẹ̀” kì í ṣe ìmúrasílẹ̀. Ẹni tí ó ṣubú tí kò wẹ̀yìn, ibẹ̀ náà ni yóò tún ṣubú sí lọ́la.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìwúlò ìdílé fún èèṣì?
2. Èé ṣe tí kọ̀ǹpútà kejì kò fi lè gba Ariane 5 là?