Ìwé Tí Háńdáòtì Kò Lè Rọ́pò

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka yìí, ohun tí ẹ sábà máa ń bi àwa tó kù díẹ̀ ká jáde ni pé ìwé wo ló yẹ kí ẹ rà. Háńdáòtì á mú yín yege ìdánwò, èmi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n kò ní sọ ohun tí ẹ máa ṣe lọ́jọ́ tí aláṣẹ bá ní kí ẹ dárúkọ ẹni tó ta yín lólobó, tàbí lọ́jọ́ tí olóṣèlú bá fi owó ẹ̀gúnjẹ sínú àpò ìwé fún yín lẹ́yìn ìpàdé oníròyìn.

Èyí ló mú kí n fi Jailed for Life ṣáájú. Kúnlé Àjìbádé ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 2003. Olóòtú ni ní TheNEWS nígbà tí ìjọba Abacha ní àwọn ọmọ ogun kan fẹ́ gbàjọba ní 1995. Nítorí ìròyìn tí wọ́n gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, ìgbìmọ̀ ológun gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n gbére. Wọ́n padà dín in kù sí ọdún 15, ìgbà tí Abacha kú ní 1998 ló tó jáde. Òun nìkan kọ́: Chris Anyanwu, George Mbah àti Ben Charles Obi, oníròyìn bíi tiẹ̀, jọ fara gbá a. Anyanwu náà kọ tirẹ̀, The Days of Terror. Ẹ ka méjèèjì tí ẹ bá rí wọn. Ẹ̀kọ́ nípa òfin iṣẹ́ ìròyìn máa ń gbẹ létí ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ka ìwé Àjìbádé tán kò ní sùn mọ́ olùkọ́ lójú mọ́.

The Elements of Journalism, tí Bill Kovach àti Tom Rosenstiel kọ ní 2001, ni gbogbo olùkọ́ máa ń dárúkọ. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wọ̀ mí lára jù níbẹ̀ ni àlàyé wọn lórí àìṣègbè. Wọ́n ní kì í ṣe pé kí oníròyìn má ní èrò tirẹ̀ (ta ni kò ní?), ọ̀nà tó ń gbà ṣe iṣẹ́ ni kò gbọdọ̀ ṣègbè: kó wádìí, kó tún wádìí, kó sì jẹ́ kí òǹkàwé rí bó ṣe mọ ohun tó mọ̀. Bí owó yín kò bá ká ẹ̀dà tuntun, èyí tó ti gbó náà á ṣiṣẹ́.

Ní ti ìtàn, Press and Politics in Nigeria, 1880–1937 tí Fred Omu kọ ni mo fara mọ́. Ó nípọn, kò sì dùn bí ìtàn àròsọ. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí òfin 1903 tó ní kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn jáde kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé ìdúró £250, nígbà tí owó bẹ́ẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn l'Ékòó. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ka òfin ọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, kí ẹ fúnra yín wo ohun tó jọra.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní èdè Yorùbá, ẹ wá ìwé Karin Barber lórí Sẹ̀gilọlá. Ó tẹ ìtàn náà ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ló kọ ọ́ bíi lẹ́tà tí obìnrin kan ń fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn rẹ̀ láti 1929 sí 1930, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Yorùbá rẹ̀ dùn bí oyin. Àmọ́ ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn, tí a bá fi òṣùwọ̀n Kovach wọ̀n ọ́n? Èmi ní irọ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní iṣẹ́ ọnà ni, a sì ti fa ọ̀rọ̀ yìí títí di òru lẹ́ẹ̀mejì. Fún bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ẹ fi Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí (1969) kún un.

Èyí tó kẹ́yìn kì í ṣe ìwé, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀: òfin òmìnira ìròyìn ti 2011. Ó fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dá ẹni tó béèrè ìwé tàbí àkọsílẹ̀ lóhùn, ẹni náà kò sì nílò láti sọ ìdí tó fi béèrè. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ fi sínú báàgì.

Jailed for Life wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ yá a kó wá, ọ̀sẹ̀ méjì ni, kó má sì fi pẹ́nì fa ìlà sí i.