Owó Ìrànwọ́ fún Sáà Kan ní Òkè Òkun

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi obìnrin, tí ó wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì FUNAAB, fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ fún sáà kan péré ní Yúróòpù. Ǹjẹ́ owó ìrànwọ́ wà fún irú èyí? — Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Adigbẹ, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ọmọ Lísàbí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Owó náà wà. Ètò Erasmus+, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé kalẹ̀ ní 2014, ní ẹ̀ka kan tí akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà lè bá lọ fún oṣù 2 sí 12, láìsan owó ilé-ẹ̀kọ́ fún yunifásítì tí ó gbà á, tí wọn yóò sì máa fún un ní owó ìgbọ́bùkátà lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n bí yunifásítì tiwa àti ti ọ̀hún kò bá tí ì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, asán ni gbogbo rẹ̀.

Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà: kí ọmọ yín kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì tí ń rí sí àjọṣe yunifásítì rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè. Lẹ́yìn náà, kí òun àti olórí ẹ̀ka rẹ̀ gbé kọ́ọ̀sì ti ibí àti ti ọ̀hún kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i kí ó tó wọ bàálù, nítorí ẹni tí ó fo èyí dá lè padà wá fi ọdún kan kún ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ tọ́jú owó físà àti páásípọ́ọ̀tù sílẹ̀, nítorí owó ìrànwọ́ sábà máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Bí wọ́n bá sì kọ̀ láti fún un ní físà, agbẹjọ́rò tí ó mọ òfin ìwọ̀lú dunjú ni kí ẹ tọ̀ lọ, kì í ṣe ajẹ́ńtì abẹ́ igi.