Títo Àmì sí Orí àti Abẹ́ Lẹ́tà Yorùbá Nínú CorelDRAW

‘Ẹ̀yẹ ìkẹyìn’ wà lára gbólóhùn tí ó wọ́pọ̀ lórí káàdì ìsìnkú tí àwọn atẹ̀wé ń ṣe ní Mushin àti Ṣómólú. Bí àmì ohùn ìsàlẹ̀ orí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá sọnù, ẹ̀yẹ ti di ẹyẹ tí ń fò nìyẹn, àwọn ẹbí olóògbé yóò sì ti pín káàdì náà tán. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ bí a ṣe ń to àwọn àmì wọ̀nyí déédéé nínú CorelDRAW wò.

Fọ́ǹtì tí kò ní àmì Yorùbá ni ó ń fa wàhálà. Òṣìṣẹ́ yóò ya àmì róbótó kékeré, yóò sì fi ojú díwọ̀n ibi tí yóò fi í sí. Ọ̀kan á fì sọ́tùn-ún, òmíràn á fì sósì. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a fi máòsì mú àmì náà, kí a di Shift mú, kí a mú lẹ́tà tẹ̀lé e, kí a wá tẹ C lórí kíbọọ̀dù. Èyí tí a mú gbẹ̀yìn kì í kúrò lójú kan. Àmì ni yóò rìn wá sí agbedeméjì rẹ̀, láìgòkè, láìsọ̀kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni CorelDRAW ka odidi ọ̀rọ̀ sí. Bí a bá to àmì mọ́ gbogbo ẹ̀yẹ pọ̀, abẹ́ y ni yóò lọ, níbi ìrù rẹ̀ gan-an! Ctrl+K ni a fi ń tú ọ̀rọ̀ títí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò fi dá dúró. Kí a ti ka iṣẹ́ náà fínnífínní kí a tó tú u, nítorí àtúnṣe ń ṣòro lẹ́yìn èyí.

Lẹ́yìn náà, a ó mú gbogbo àmì abẹ́ lẹ́tà tí ó wà lórí ìlà kan, a ó sì tẹ B kí ìsàlẹ̀ wọn lè dọ́gba. Àmì ohùn orí lẹ́tà ńlá ní gíga tirẹ̀. A kì í dà á pọ̀ mọ́ ti lẹ́tà kékeré. Ctrl+G ni a ó fi so àmì mọ́ lẹ́tà rẹ̀.

Lójú tiwa, fọ́ǹtì tí ó ní àmì sàn ju gbogbo èyí lọ. Unicode fún ẹ ní nọ́ńbà 1EB9, ó fún ọ ní 1ECD, ó sì fún ṣ ní 1E63. Ṣùgbọ́n ẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: a ń gbé àmì ohùn lé ẹ lórí ni, fọ́ǹtì ni yóò sì mọ ibi tí yóò bà lé. Àkọlé ńlá tí a fi fọ́ǹtì ológe kọ sórí bánà ni ó ṣì ń fẹ́ C.